Ta Ni Ará Ilé Wa?

Ǹjẹ́ ẹni tó dákẹ́ ti purọ́? Ìbéèrè yìí kì bá tí jọ mí lójú bí kì í bá ṣe pé èmi gan-an ni mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà lálẹ́ ọjọ́ tí a ń kọ orúkọ gbogbo ará ilé wa sílẹ̀, tí a sì fo ẹnì kan.

Ìlú Houston ní ìpínlẹ̀ Texas, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ni à ń gbé. Bàbá mi ń wa ọkọ̀ akẹ́rù fún ilé iṣẹ́ kan, ó sì máa ń lo ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin lójú ọ̀nà kó tó wálé. Nọ́ọ̀sì ni ìyá mi, iṣẹ́ òru ló sì máa ń ṣe jù. Èmi ni àkọ́bí, àbúrò mi obìnrin ló tẹ̀lé mi. Ẹnì karùn-ún wa ni bùrọ̀dá mi, ọmọ àbúrò bàbá mi, tó wá láti Ìbàdàn láti kàwé. Yàrá mi ló ń sùn. Òun ló ń kọ́ àbúrò mi ní ìṣirò, òun ló sì máa ń ro àmàlà lálẹ́ ọjọ́ tí Mọ́mì bá wà níbi iṣẹ́, nítorí pé tèmi máa ń ní kókó. Dádì ni òun náà ń pe bàbá mi.

Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan ṣoṣo ni a ní, Toyota Camry tó ti dàgbà díẹ̀. Ẹni tó bá mọ Houston mọ̀ pé ẹni tí kò ní ọkọ̀ níbẹ̀ dà bí ẹni tí kò lẹ́sẹ̀. Láti ilé wa dé kọ́lẹ́ẹ̀jì bùrọ̀dá kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ pẹ̀lú ọkọ̀. Bí ó bá wọ bọ́ọ̀sì, ó lè tó wákàtí kan àbọ̀. Nítorí náà, nígbà tó gba láísẹ́ǹsì Texas, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wa Camry náà ní ọjọ́ tí Mọ́mì kò bá lò ó.

Òfin Texas sọ pé ọkọ̀ kò gbọdọ̀ jáde sí títì láìní ìwé adójútòfò, èyí tí gbogbo wa nílé ń pè ní ìnṣọ́ránsì. Iye tó kéré jù tí òfin là sílẹ̀ ni 30,000 dọ́là fún ẹnì kan tí a bá ṣe léṣe, 60,000 fún gbogbo ẹni tó fara pa nínú jàǹbá kan, àti 25,000 fún dúkìá onídúkìá tí a bá bàjẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọkàn sí i pé kì í ṣe nítorí ẹni tó ni ọkọ̀ ni wọ́n ṣe ṣe òfin yìí. Nítorí ẹni tí ọkọ̀ lè gbá ni.

Ní alẹ́ tí mò ń sọ yìí, a fẹ́ lọ sí ilé iṣẹ́ adójútòfò tuntun nítorí pé ti àtijọ́ ti fowó kún owó. Èmi ni mo máa ń bá àwọn òbí mi kọ fọ́ọ̀mù. Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tó máa ka ìwé yìí ló ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún òbí wọn. Fọ́ọ̀mù náà ní kí a kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 15 tó ń gbé nínú ilé, ì báà máa wakọ̀, ì báà má wakọ̀ rí. Mo kọ ti Dádì, mo kọ ti Mọ́mì, mo kọ tèmi. Mo kọ ti bùrọ̀dá. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, iye owó tí a ó máa san lóṣù yí padà lójú wa. Ó kúrò ní 238 dọ́là, ó di 417.

Kò ṣòro láti mọ ìdí rẹ̀. Ọmọkùnrin tí kò tíì pé ọdún 25, tí láísẹ́ǹsì rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, tí kò sì ní àkọsílẹ̀ ìwakọ̀ kankan ní Amẹ́ríkà, òun ni ẹ̀rù rẹ̀ máa ń ba àwọn adójútòfò jù. Dádì wo iye náà títí. Ó ní, “Pa á rẹ́. Àlejò ni.”

Bùrọ̀dá wà ní ilé ìdáná. Kò sí ògiri láàárín ilé ìdáná àti pálọ̀ wa.

Mo pa á rẹ́. Iye owó náà padà sí 238, mo tẹ ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé òótọ́ ni gbogbo ohun tí mo kọ, Dádì sì fi orúkọ rẹ̀ sí i.

Ní ọjọ́ kọkànlélógójì, lẹ́tà dé. Wọ́n ti rí i nínú àkọsílẹ̀ láísẹ́ǹsì pé ẹnì kan tí a kò dárúkọ ń lo àdírẹ́sì wa. Ní Texas, láàárín ọgọ́ta ọjọ́ àkọ́kọ́, ilé iṣẹ́ adójútòfò lè fagi lé ìwé oníbàárà tuntun nítorí ìdí èyíkéyìí tí òfin kò bá kọ̀. Lẹ́yìn ọgọ́ta ọjọ́ ni ọwọ́ wọn kò gùn mọ́ bẹ́ẹ̀, tó jẹ́ pé àwọn ìdí díẹ̀ bí àìsanwó tàbí jìbìtì ló lè mú kí wọ́n fagi lé e. Wọ́n gbọ́dọ̀ fún ènìyàn ní ọjọ́ mẹ́wàá kí ó tó di pé ìwé náà kú. Ọjọ́ mẹ́wàá náà ni wọ́n fún wa, kò fi ẹyọ kan lé e.

Inú bí Dádì gan-an, ohun tó sì sọ lọ́jọ́ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ó ní ní Nàìjíríà tí òun ti wá, láti ọdún 1945 ni òfin ti wà pé onímọ́tò gbọ́dọ̀ ní ìdójútòfò nítorí ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bi òun rí iye ọmọ tó ń sùn nínú ilé òun. Lóòótọ́, nígbà tí wọ́n sọ owó náà di 15,000 náírà fún ọkọ̀ aládàáni ní ọdún 2023, iye kan náà ni fún ẹni tó ní ọmọkùnrin márùn-ún àti ẹni tí kò bímọ rárá. Dádì ní, “Ọkọ̀ ni mo ní kí wọ́n bá mi dójú tòfò fún. Kí ló kàn wọ́n nípa yàrá mi?” Ó tún ní kì í ṣe ìwà ìwakọ̀ nìkan ni wọ́n fi ń dá iye lé wa, wọ́n ń wo àdúgbò tí a ń gbé, wọ́n ń wo bí a ṣe ń san gbèsè báńkì. Òtítọ́ ni èyí náà. Òfin Texas gbà wọ́n láyè láti wo àkọsílẹ̀ gbèsè ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti òkèèrè kò tíì ní àkọsílẹ̀ kankan.

Mo ro ọ̀rọ̀ yìí fún ọjọ́ púpọ̀, nítorí pé mo fẹ́ kí bàbá mi jàre. Àwọn àgbà ní òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké. Tiwa tún yàtọ̀ sí èyí díẹ̀: òtítọ́ kò kùtà lọ́jà wa, iye tí wọ́n ń tà á ló ga jù, 179 dọ́là lóṣù. Ṣé ẹni tí kò lówó láti ra òtítọ́ lẹ́bi?

Nínú kíláàsì wa ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ nípa ẹjọ́ kan tí Lord Mansfield, adájọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá ní ọdún 1766. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Carter ni gómìnà odi Fort Marlborough ní erékùṣù Sumatra. Ó ra ìdójútòfò pé bí àwọn ará Yúróòpù tó jẹ́ ọ̀tá bá gba odi náà, kí wọ́n sanwó fún òun. Ní ọdún 1760, àwọn Faransé gbà á. Boehm tó dójú tòfò náà kọ̀ láti sanwó, ó ní Carter kò sọ fún òun bí odi náà ṣe jẹ́ aláìlágbára tó. Mansfield la ọ̀rọ̀ kan kalẹ̀ tí àwọn agbẹjọ́rò ṣì ń tọ́ka sí dòní: pé ẹni tó mọ ohun tí ẹnì kejì kò lè mọ̀ kò gbọdọ̀ fi pamọ́, nítorí pé orí ohun tí oníbàárà sọ ni gbogbo ìṣirò náà dúró lé. Ṣùgbọ́n ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé Carter ni ó dá láre. Ó ní ohun tí Boehm ń ráhùn lé lórí, ó mọ̀ ọ́n tàbí ó lè wádìí rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Mo kọ́kọ́ yọ̀ nígbà tí mo gbọ́ èyí. Mo ní àwọn náà lè wádìí. Ṣebí wọ́n wádìí náà ni wọ́n fi rí bùrọ̀dá. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ti yí òfin rẹ̀ padà ní 2012 fún àwọn ènìyàn bíi tiwa: oníbàárà kò ní láti máa ronú kiri mọ́ nípa ohun tí adójútòfò lè fẹ́ mọ̀, kí ó sáà ṣọ́ra kí ó má dáhùn ìbéèrè wọn pẹ̀lú irọ́. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ayọ̀ mi pin. Ìbéèrè wà nínú fọ́ọ̀mù wa. Wọ́n bi wá. Bí ẹnì kan bá dákẹ́ níbi tí a kò ti bi í léèrè, a lè jiyàn lórí rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Bí a bá bi í pé àwọn wo ló ń gbé ilé rẹ, tó wá ka mẹ́ta nínú mẹ́rin, tó sì dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ náà ti sọ̀rọ̀.

Ohun mìíràn tún wà tí n kò tíì sọ. Ní ọdún tó ṣáájú, ọkọ̀ kan gbá Camry wa lẹ́yìn nígbà tí Mọ́mì ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ ní ìdájí. Ọmọkùnrin kan ló wà nínú rẹ̀, ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń wà. Ìwé adójútòfò wà nínú ọkọ̀ náà, ó fi han Mọ́mì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ilé iṣẹ́ wọn kọ̀wé sí wa pé ẹni tó wakọ̀ náà wà lára àwọn tí wọ́n yọ sílẹ̀ nínú ìwé, àwọn kò ní san kọ́bọ̀. A yíjú sí ilé iṣẹ́ tiwa. Wọ́n ní irú ìdójútòfò tó ń sanwó nígbà tí ẹni tó gbá ènìyàn kò bá ní ìwé, Dádì ti fọwọ́ sí i pé òun kò fẹ́ ẹ, kí owó oṣù lè dínkù. Èjìká Mọ́mì dùn ún fún oṣù mẹ́ta. Àwọn tó ń gbé aláìsàn kì í fi ẹnu lásán sọ pé èjìká ń dun àwọn. Dádì fi owó tó fẹ́ fi lọ sílé nígbà Kérésìmesì tún ọkọ̀ ṣe, ó sì bú ọmọkùnrin yẹn, ó bú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó bú ẹni tó fún wọn níwèé.

Ìdí nìyí tí n kò fi lè gba ọ̀rọ̀ àwọn tó ń sọ pé ilé iṣẹ́ adójútòfò lówó, irọ́ tí a bá pa fún un kò dun ẹnikẹ́ni. Ẹ wo àjọ tí àwọn ìyá wa ń dá. Bí ẹnì kan bá ń dá ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta níbi tí àwọn yòókù ti ń dá ẹgbẹ̀rún, tó sì ń kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún bíi tiwọn, kì í ṣe ìyá alájọ ló jẹ gbèsè náà. Mo gbà pé àfiwé yìí kò gún tán: ìyá alájọ mọ gbogbo ẹni tó ń dájọ, kì í sì í fi owó wọn san èrè fún ẹni tí kò dá kọ́bọ̀. Síbẹ̀, nígbà tí owó kò jáde lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe ilé iṣẹ́ kankan ni èjìká rẹ̀ dùn.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n ti mọ ohun tó tẹ̀lé e. Ilé iṣẹ́ kejì tí a lọ bá, aṣojú wọn la ọ̀nà méjì sílẹ̀ fún Dádì. Kí a kọ orúkọ bùrọ̀dá, kí a máa san 455 dọ́là lóṣù, nítorí pé wọ́n ti fagi lé ìwé wa rí. Tàbí kí a fọwọ́ sí ìwé pélébé kan tí wọ́n ń pè ní 515A ní Texas, pé a yọ ọ́ sílẹ̀: bí ó bá fi ọwọ́ kan ọkọ̀ náà, kò sí ìdójútòfò. Èyí yóò jẹ́ 260. Dádì fọwọ́ sí i. Ó gbé ìwé náà sórí tábìlì, bùrọ̀dá sì kà á. Ìgbà àkọ́kọ́ tí orúkọ rẹ̀ hàn nínú ìwé ilé wa nìyẹn, yíyọ ni wọ́n sì yọ ọ́ síbẹ̀. Ó ní, “Ẹ ṣeun, Dádì.” Láti ọjọ́ náà ó ń wọ bọ́ọ̀sì, aago márùn-ún ìdájí ló ń jí.

N kò sọ pé ìwé yíyọ yìí burú ní gbogbo ọ̀nà. Ìdílé wà tí ọ̀mùtí kan wà láàárín wọn. Bí wọn kò bá lè yọ ọ́ sílẹ̀, kò ní sí ẹni tó máa dójú tòfò fún àwọn yòókù. Òdodo ni pẹ̀lú: a kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ìwé náà tọ́ bí ẹni tí a yọ bá jìnnà sí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ nìkan ni, kọ́kọ́rọ́ wa sì wà lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

Ní òru ọjọ́ kan ní oṣù Kìíní, àbúrò mi kò lè mí. Ó ní ikọ́ fée láti kékeré, oògùn tó máa ń fín sẹ́nu sì ti tán. Dádì wà ní Oklahoma. Alábàáṣiṣẹ́ Mọ́mì kan ló wá gbé e lọ síbi iṣẹ́, nítorí náà ọkọ̀ wà nílé. Èmi tí orúkọ mi wà nínú ìwé adójútòfò kò tíì mọ ọkọ̀ wà dáadáa, láísẹ́ǹsì ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ni mo ní. Ẹni tó mọ ọkọ̀ wà, òun ni a yọ. Ó yẹ kí a pe ọkọ̀ aláìsàn, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nísinsìnyí. Lóru ọjọ́ náà, owó tí wọ́n máa béèrè ni mo rò, mo sì ń tijú láti kọ ọ́ síbí. Bùrọ̀dá mú kọ́kọ́rọ́. Ó ní, “Gbé e.”

Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni a lò dé ilé ìwòsàn. Níbi iná tó ń darí ọkọ̀, obìnrin kan wà nínú ọkọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó wọ aṣọ iṣẹ́ bíi ti Mọ́mì, ó ń yán. Mo wò ó títí iná fi yí padà. Kò mọ̀ pé bí ẹsẹ̀ bùrọ̀dá bá yọ̀ lórí bíréèkì, ìwé tí Dádì fọwọ́ sí ló máa bá pàdé. Kò sí ẹni tó bi í kí a tó fi èjìká rẹ̀ ta tẹ́tẹ́. Kò sí ohun tó ṣe é. Àbúrò mi gbádùn. Ṣùgbọ́n n kò lè sọ pé nítorí pé ọkọ̀ kò gbá ẹnikẹ́ni, a kò ṣẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí Dádì dé, ó dì mọ́ bùrọ̀dá, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an. Lẹ́yìn náà ó bi í pé, “Ṣé ọlọ́pàá kankan rí yín?” Mọ́mì wò ó. Ó wá jókòó, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́.

Bí ẹ bá bi mí pé ta ló purọ́ nínú gbogbo èyí, èmi náà wà níbẹ̀. Wọ́n kọ́ wa pé ọmọ kì í já àgbà ní koro, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ mo lè sọ pé, “Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó, wọ́n ní gbogbo ẹni tó ń gbé ilé.” Ọ̀wọ̀ kò ní kí n má sọ ìyẹn. Àwọn àgbà kan náà ló sọ pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ìwà mi kò jẹ mọ́ ọ̀wọ̀. Iye owó náà dẹ́rù ba èmi náà ni.

Ọ̀rọ̀ tó sì ń dùn mí jù kì í ṣe èyí tí a kò sọ fún ilé iṣẹ́ náà. Èyí tí a sọ nínú ilé ni: “Àlejò ni.” Lọ́dọ̀ Yorùbá, àbúrò bàbá mi tó wà ní Ìbàdàn, tí kò dé Texas rí, ará ilé wa ni. Fọ́ọ̀mù kò mọ èyí. Òrùlé nìkan ló ń kà. Ṣùgbọ́n bùrọ̀dá jẹ́ ará ilé ní ọ̀nà méjèèjì, ní ti ẹ̀jẹ̀ àti ní ti òrùlé, kò sì sí ọ̀nà kankan tó fi jẹ́ àlejò àfi ọ̀nà 179 dọ́là. Ilé iṣẹ́ adójútòfò lè fagi lé ìwé kí ọ̀rọ̀ wọn pẹ̀lú wa sì tán síbẹ̀. Bùrọ̀dá ṣì ń sùn ní yàrá mi.

Nígbà tí ìwé wa tó tún ṣe ní oṣù Kẹfà, Dádì ti ta tẹlifíṣọ̀n ńlá, Mọ́mì ti gba alẹ́ kan kún iṣẹ́ rẹ̀ lóṣù, bùrọ̀dá ti ń ṣiṣẹ́ ní òpin ọ̀sẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kan, ó ní òun á máa mú 90 dọ́là wá. Èmi ni mo tún jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Gbogbo wa ló wà níbẹ̀. Mo kọ orúkọ bùrọ̀dá. Iye owó yí padà, kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà fọ́ọ̀mù béèrè pé kí ni ẹni yìí jẹ́ sí ẹni tó ni ìwé, ó sì to ìdáhùn sílẹ̀ kí n mú ọ̀kan: ìyàwó tàbí ọkọ, òbí, ọmọ, ẹbí mìíràn, ẹni tí kì í ṣe ẹbí.

Dádì ní, “Mú ọmọ.”

Mo ní, “Dádì, lójú tiwọn, ọmọ tí ẹ bí nìkan ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.”

Ó dákẹ́. Bùrọ̀dá rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ kọjá èjìká mi, ó sì tẹ ẹbí mìíràn fúnra rẹ̀.